Ewé Ti Pọ́n: Ṣé Ebi Ló Ń Pa Á ni, àbí Àrùn Ló Ń Ṣe É?

Ọ̀pọ̀ oògùn ló ń ṣòfò sára ohun ọ̀gbìn tí ebi lásán ń pa. Ẹ má tíì gbé ẹ̀rọ tí ẹ fi ń fín oògùn kọ́ ẹ̀yìn.

Ẹ kọ́kọ́ wo gbogbo oko. Ebi sábà máa ń mú odindi ebè, tàbí gbogbo ibi tí yanrìn pọ̀ sí, bákan náà. Àrùn á mú ẹsẹ̀ kan níhìn-ín, á fo mẹ́rin, á mú òmíràn. Tó bá di ọ̀sẹ̀ kejì, ó ti ràn.

Ẹ wá bẹ̀rẹ̀ wo ewé tó kọ́kọ́ pọ́n. Bí èròjà oúnjẹ ohun ọ̀gbìn bíi náítrójìn, pọ̀táṣíọ́ọ̀mù tàbí mágníṣíọ́ọ̀mù kò bá tó, ohun ọ̀gbìn á fà á kúrò lára ewé ìsàlẹ̀, á gbé e fún ọ̀mùnú. Ìdí nìyẹn tí ewé àgbà fi ń kọ́kọ́ jìyà. Èròjà irin kì í ṣí kúrò níbi tó bá wà, nítorí náà ọ̀mùnú ni àìtó rẹ̀ ń bá jà. Lára àgbàdo, àìtó náítrójìn á pọ́n bí ìyeyè láti ṣóńṣó ewé ìsàlẹ̀ wọ àárín bọ̀, bíi lẹ́tà V. Ti pọ̀táṣíọ́ọ̀mù, etí ewé ló ń jó. Bí iṣan ewé bá ṣì tutù ṣùgbọ́n tí àlàfo wọn pọ́n, mágníṣíọ́ọ̀mù ni kò tó tó bá jẹ́ ewé àgbà, irin sì ni tó bá jẹ́ ọ̀mùnú.

Ebi máa ń mú apá ọ̀tún àti òsì ewé dọ́gba. Àpá àrùn kì í dọ́gba: etí rẹ̀ hàn, òrùka pupa lè yí i ká, èbu sì lè wà lábẹ́ ewé. Fáírọ́ọ̀sì ní tirẹ̀ á lọ́ ewé, á sì ṣe é ní àdíkálà.

Tí kò bá tíì dá yín lójú, ẹ já ewé mẹ́ta tí àpá rẹ̀ ṣì tuntun, ẹ dì í sínú ọ̀rá pẹ̀lú bébà tó rin díẹ̀, kó wà níbòòji fún wákàtí 24 sí 48. Bí irun funfun tàbí eléérú bá hù lójú àpá, àrùn olú (èbu) ni. Ẹ má lo ewé tó ti kú, torí kò sí ohun tí kì í bu lórí rẹ̀.

Tòmátì tó rọ láì pọ́n ńkọ́? Ẹ gé igi rẹ̀ nítòsí ilẹ̀, ẹ fi ojú ibi tí ẹ gé kan omi tó mọ́ nínú ife gíláàsì, ẹ má mì ín. Bí okùn funfun bíi wàrà bá ń ṣàn jáde láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, bakitéríà ni. Kò gbóògùn, ẹ hú u dànù.

Láti dán náítrójìn wò, ẹ po ajílẹ̀ yúríà gíráàmù 5 mọ́ omi lítà 1, kí ẹ fín in sí ẹsẹ̀ márùn-ún péré ní ìrọ̀lẹ́. Bí ewé wọn bá tutù ju ti aládùúgbò wọn lọ láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ebi ni. Tó bá pọ̀ jù, ṣóńṣó ewé á jó, ẹ ó sì rò pé àrùn mìíràn ló dé.

Ẹ hú ẹsẹ̀ kan wo gbòǹgbò pẹ̀lú. Bí gbòǹgbò fúnra rẹ̀ bá wú ní kókó kókó, aràn ilẹ̀ ni, ajílẹ̀ kò ní wò ó. Kókó ara gbòǹgbò ẹ̀wà yàtọ̀: èékánná lè tu tìyẹn kúrò, inú rẹ̀ sì máa ń pọ́n bí ẹ̀jẹ̀.