Bí mo ṣe ya ọ̀nà oko tó wọ inú omi ní Ìpògún

Ọ̀nà oko kan wà tí bàbá mi rìn títí nígbà èwe rẹ̀. Ìpògún, ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, ló ti sọ̀kalẹ̀ dé etí odò Ọ̀wẹ̀nà, lẹ́yìn náà ó gòkè lọ ní òdìkejì láàárín oko kòkó. Nígbà tí wọ́n sé odò náà láti fi ṣe dáàmù, omi gba àárín ọ̀nà yẹn. Orúnkún bàbá kò sì jẹ́ kó lè rìn débẹ̀ mọ́. Ó ti tó ọdún méjì tó ti ní kí n bá òun ya ibi tí ọ̀nà náà ti wọ omi, kí òun gbé e kọ́ sí pálọ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo lọ kí n tó rí fọ́tò tí mo lè fi lé e lọ́wọ́.

Ọ̀sán gangan ni mo kọ́kọ́ lọ. Oòrùn wà lágbedeméjì ọ̀run, omi ń kọ mànà bíi páànù tuntun, kò sì sí ohunkóhun tó hàn nínú rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kejì bọ́ sínú ọyẹ́, nínú oṣù kìíní. Eruku tí ọyẹ́ ń gbé wá láti aṣálẹ̀ Sàhárà bo òdìkejì omi pátá. Ìmọ́lẹ̀ ọyẹ́ dára fún yíya ojú ènìyàn, mo fẹ́ràn rẹ̀ gan-an, ṣùgbọ́n ohun tí mo wá kò sí níbẹ̀. Bàbá ní dandan kí òun rí etí kejì, nítorí ọ̀nà tí kò ní ibi tó ń lọ kì í ṣe ọ̀nà òun.

Fún ẹ̀ẹ̀kẹta mo dúró de ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kọkànlá. Òjò ti ń dínkù nígbà yẹn, ọyẹ́ kò sì tíì dé. Mo tún rí i dájú pé òjò kò rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, kí ẹrẹ̀ lè silẹ̀, kí omi etídò sì mọ́. Mo lọ sùn sílé àǹtí mi ní Ìpògún. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà mo yà sọ́dọ̀ àwọn ẹ̀ṣọ́ dáàmù, mo sọ ibi tí mo fẹ́ rìn fún wọn, mo sì fi dá wọn lójú pé n kò ní ya ògiri dáàmù tàbí ẹ̀rọ kankan. Ẹni tó bá fẹ́ gbé kámẹ́rà rìn níbẹ̀, kó ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú márùn-ún ni.

Aago márùn-ún ìdájí ni mo jáde pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì. Ìrì ti rin ewé kòkó gbingbin, ṣòkòtò mi sì tutù dé orúnkún kí n tó rí omi. Ní àfẹ̀mọ́jú, atẹ́gùn tutù ju omi adágún lọ, ìdí nìyẹn tí ìkùukùu fi ń dìde lójú omi bí èéfín. Ojú oró tò sí ẹsẹ̀ ilẹ̀, òṣíbàtà wà níwájú díẹ̀, òdòdó funfun rẹ̀ ṣì là. Mo rọra ń fi omi sí ọwọ́ òsì mi lọ títí mo fi rí ọkọ̀ ọpọ́n mẹ́ta tí wọ́n so mọ́ kùkùté. Ibẹ̀ ni ọ̀nà náà wà.

Bàbá apẹja kan ń tú àwọ̀n lọ́wọ́. Mo kí i, “Ẹ kú ìdájí o, bàbá, ẹ kú iṣẹ́.” Mo sọ ohun tí mo wá ṣe àti ẹni tó rán mi. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Ṣé o rí i tí a fi ibí ṣe èbúté? Ilẹ̀ ibí le, kò rì bí ẹrẹ̀ yòókù. Ẹsẹ̀ àwọn bàbá yín ló tẹ̀ ẹ́ le.” Láti ìgbà tí mo ti ń wá síbẹ̀, n kò ronú rẹ̀ bẹ́ẹ̀ rí.

Kámẹ́rà mi kò tóbi, Nikon D3500 ni, pẹ̀lú lẹ́ǹsì 18-55 tó bá a wá. Mo gbé e lé sítáǹdì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, mo sì dé polarizer, gíláàsì dúdú tí a máa ń yí, sójú lẹ́ǹsì. Òun gan-an ló yanjú ọ̀rọ̀ náà. Ìmọ́lẹ̀ tó ń ta padà lójú omi ni kì í jẹ́ ká rí ohun tó wà nísàlẹ̀. Tí a bá fi gíláàsì yìí wo omi láti òkè wá díẹ̀, tí ojú wa sì bá ojú omi ṣe igun bíi dìgírì 37, ó máa ń gbé èyí tó pọ̀ jù nínú ìtànṣán yẹn kúrò. Níwájú, níbi tí omi ti ń dojú kọ sítáǹdì, àwọn òkúta ọ̀nà yọ lábẹ́ omi bí ẹni pé a ṣẹ̀ṣẹ̀ tò wọ́n. Lókèèrè, níbi tí ojú wa ti ń fara ra ojú omi kọjá, agbára gíláàsì náà dínkù, omi ibẹ̀ sì ṣì ń gbé òjìji igi òdìkejì bíi dígí. Ọ̀nà abẹ́ omi àti òjìji igi, méjèèjì hàn nínú fọ́tò kan ṣoṣo. Mo ti kọ́kọ́ yan gíga sítáǹdì sí ìdí, mo tún gbé e sókè dé àyà, nítorí láti ìsàlẹ̀ òjìji bo ọ̀nà.

Mo sún lẹ́ǹsì sí mìlímítà 24. Mo fi ojú rẹ̀, ihò tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé, sí f/11, mo fi ISO, ìyẹn bí kámẹ́rà ṣe ń yára gba ìmọ́lẹ̀ tó, sí 100, mo sì fi ọwọ́ yí fókọ́ọ̀sì sí òkúta kan tó jìnnà tó mítà mẹ́ta, kí nǹkan lè hàn kedere láti iwájú dé etí kejì. Ẹlòmíràn lè sọ pé kí a lo f/22, tí ihò rẹ̀ kéré sí ti f/11. N kò fara mọ́ ọn, nítorí ihò tó kéré jù bẹ́ẹ̀ máa ń jẹ́ kí àwòrán rí múlọ́múlọ́. Ìmọ́lẹ̀ kò tíì pọ̀, gíláàsì dúdú sì tún jẹ nínú rẹ̀, nítorí náà ìdámẹ́rin ìṣẹ́jú àáyá ni kámẹ́rà fi lajú. Mo jẹ́ kó ka àáyá méjì fúnra rẹ̀ kó tó yà, kí ọwọ́ mi má baà mì í.

Bàbá apẹja bọ́ sínú ọkọ̀, ó wà á lọ, omi sì dàrú. Mo jókòó sórí kùkùté. Ó tó bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá kó tó dákẹ́. Oòrùn ti yọ ní nǹkan bí aago mẹ́fà ààbọ̀, ṣùgbọ́n kò tíì kan ẹsẹ̀ ilẹ̀ tiwa. Mo ya mọ́kànlá kí afẹ́fẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ sí fẹ́. Lẹ́yìn ìyẹn mo rìn yí omi ká títí di aago mẹ́wàá. Mo rí lékeléke, mo rí òkè àpáta lókèèrè, mo yà wọ́n, kò sí èyí tí mo fẹ́ràn nínú wọn.

Nílé ní Àkúrẹ́, mo yan ẹ̀ẹ̀keje. Àwòrán kámẹ́rà náà jẹ́ àmì (pixel) 6000 lọ́nà 4000. Ní ìwọ̀n íǹṣì 24 lọ́nà 16, àmì 250 ló bọ́ sínú íǹṣì kọ̀ọ̀kan, ó sì tó fún ara ògiri. Mo kọ́kọ́ ní kí wọ́n tẹ kékeré kan fún mi wò. Àwọ̀ ewé ju bó ti yẹ lọ, mo dín in kù kí n tó jẹ́ kí wọ́n tẹ ńlá.

Nígbà tí mo gbé e fún bàbá, kò sọ̀rọ̀. Ó ní kí n bá òun mú awò ojú òun wá. Ó fi ìka lé orí òkúta àkọ́kọ́, ó ń tọ ọ̀nà náà lọ díẹ̀díẹ̀ títí tí kò fi hàn mọ́ nínú omi, ìka rẹ̀ kò sì dúró. Ó gba orí òjìji igi kọjá, ó gòkè ní òdìkejì, ó dúró lábẹ́ igi ńlá kan tí èmi kò tilẹ̀ fiyè sí nígbà tí mo ń yà á.

Ó ní, “Ibí la ti máa ń sọ ẹrù kalẹ̀.”