Bí mo ṣe fi fóònù wá ìdí tí ẹsẹ̀ Màámi fi ń wú

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn tí dókítà pààrọ̀ oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru Màámi ni wọ́n pè mí láti Ìkirè pé bàtà kò gba ẹsẹ̀ àwọn mọ́. Mo ní kí àbúrò mi ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́, mo sì rí i pé kókósẹ̀ méjèèjì ti wú, tí ojú okùn bàtà jìn wọnú bí ojú ìka lára iyán.

"Ẹsẹ̀ wíwú" ni mo kọ́kọ́ kọ sínú Google, lédè Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì. Àṣìṣe mi nìyẹn, nítorí ohun tí ń mú ẹsẹ̀ wú pọ̀: àìsàn ọkàn, ti kíndìnrín, ti ẹ̀dọ̀, kí n tó kà á tán, àyà mi ti já. Nígbà tí mo fi "ẹ̀jẹ̀ ríru" kún un, àgbo inú ike ni wọ́n ń polówó fún mi, tí ẹni tó ń tà á ń búra pé ẹni tó bá mu ún ti bọ́ lọ́wọ́ oògùn òyìnbó títí ayé.

Mo pe àbúrò mi padà pé kó ya páálí oògùn náà. Lábẹ́ orúkọ gàdàgbà tí ilé-iṣẹ́ fún un ni lẹ́tà wínníwínní wà: amlodipine, mílígíráàmù 10. Òun ló yẹ kí n ti wá láti ìbẹ̀rẹ̀, nítorí orúkọ gàdàgbà yàtọ̀ láti páálí dé páálí, ṣùgbọ́n amlodipine, tó jẹ́ orúkọ oògùn náà gan-an, kì í yí padà. Mo kọ ọ́ sínú MedlinePlus, ojúlé ìjọba Amẹ́ríkà tí kò sí ìpolówó ọjà lórí rẹ̀, mo sì bá wíwú ẹsẹ̀ àti kókósẹ̀ láàárín ohun tí oògùn náà lè fà. Ojúlé NHS, àjọ ìlera ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, sọ bákan náà. Ṣe ni oògùn náà ń mú kí iṣan ẹ̀jẹ̀ fẹ̀, omi a sì máa jò díẹ̀díẹ̀ sí ẹsẹ̀, pàápàá bí ìwọ̀n rẹ̀ bá pọ̀.

Màámi ní ṣé kí àwọn kúkú dá a dúró. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má ṣe é, nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru kì í sábà dunni kó tó ṣọṣẹ́. Mo kọ orúkọ oògùn náà, ìwọ̀n rẹ̀, ọjọ́ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó àti ọjọ́ tí ẹsẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wú ránṣẹ́ sí àbúrò mi, ó sì mú un bá wọn lọ sọ́dọ̀ dókítà. Dókítà yẹ ọkàn àti kíndìnrín wọn wò ná, èyí tí fóònù mi kò lè ṣe, kó tó dín in kù sí 5, tó sì fi oògùn mìíràn kún un.

Ní ọjọ́ Àìkú kejì lẹ́yìn náà, fọ́tò mìíràn wọlé: Màámi wọ bàtà ṣọ́ọ̀ṣì wọn, wọ́n sì de okùn rẹ̀.