Bí a ṣe ń tọ́ ẹmu wò: ìwé ìtọ́sọ́nà fún adẹ́mu, ẹlẹ́mu àti onílé

Ẹmu tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kán sínú akèrègbè yàtọ̀ sí èyí tí ẹ ó bá nínú rẹ̀ ní wákàtí 3 sí i, èyí tó bá sì di ọjọ́ kejì ti di ohun mìíràn pátápátá. Ẹni tó bá fẹ́ mọ adùn ẹmu dáadáa, ọjọ́ orí ẹmu ni kó kọ́kọ́ kọ́ ẹnu rẹ̀. Bí ẹnu bá ti mọ ìyẹn, kò ní ṣòro fún un mọ́ láti dá èyí tí wọ́n bomi là, èyí tí wọ́n da ṣúgà sí, àti èyí tí kẹ́ẹ̀gì bà jẹ́ mọ̀.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú akèrègbè

Omi tó ń kán láti ara ọ̀pẹ mọ́ gaara, ó dùn, kò sì ní ọtí nínú. Ìdá 10 sí 12 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ ni ṣúgà. Àmọ́ ìwúkàrà (kòkòrò àìfojúrí tó ń mú búrẹ́dì wú) tó wà nínú afẹ́fẹ́, lára igi àti nínú akèrègbè fúnra rẹ̀ kì í jẹ́ kó pẹ́ bẹ́ẹ̀. Ojú ẹsẹ̀ ni wọ́n ń bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ṣúgà náà, tí wọ́n ń sọ ọ́ di ọtí àti afẹ́fẹ́ tó ń mú kó hó. Ìwúkàrà yìí àti àwọn kòkòrò àìfojúrí mìíràn tó ń bá a rìn ló sọ ẹmu di funfun. Láàárín wákàtí díẹ̀, ọtí inú rẹ̀ lè tó ìdá 4 nínú ọgọ́rùn-ún. Bí ilẹ̀ ọjọ́ kejì bá fi máa mọ́, ó lè tó 5 sí 7. Lẹ́yìn èyí, àwọn kòkòrò mìíràn yóò gba iṣẹ́, wọn yóò sì máa sọ ọtí náà di ọtí kíkan.

Ẹ kíyè sí i pé akèrègbè tó sùn sórí igi kò ní ẹmu ọlọ́jọ́ orí kan ṣoṣo nínú. Èyí tó kán lálẹ́ ti ń hó kí èyí tó kán ní ìdájí tó bá a. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé ìbéèrè tó yẹ kí ẹ bi adẹ́mu ni pé, “Ìgbà wo lẹ gbé akèrègbè kọ́?” Bí ẹ bá fẹ́ èyí tó dùn gan-an, ẹ bẹ̀ ẹ́ kó gbé akèrègbè tó fọ̀ mọ́ kọ́, kó sì sọ̀ ọ́ kalẹ̀ láàárín wákàtí 2 sí 3.

Igi náà ní ọwọ́ nínú adùn. Orí ìdúró ni wọ́n ti ń dá ọ̀pẹ, níbi òdòdó akọ; adẹ́mu á fi igbà gùn ún, igi á sì máa bá ayé rẹ̀ lọ. Ògùrọ̀ fẹ́ràn àbàtà, bíi ti ilẹ̀ Ìlàjẹ àti Ìkálẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló ń tanná kó tó kú, àsìkò yẹn gan-an sì ni wọ́n ń dá a. Ní ẹnu tiwa, ẹmu ògùrọ̀ máa ń fúyẹ́, ó sì máa ń dùn ju ti ọ̀pẹ lọ. Ẹmu ọ̀pẹ máa ń wúwo lẹ́nu, òórùn rẹ̀ sì máa ń pẹ́ nímú.

Kí ẹ tó tọ́ ọ wò

Ẹ má ṣe jẹ ata, obì tàbí orógbó ṣáájú. Obì máa ń jẹ́ kí ohun téèyàn bá mu lé e dùn ju bó ṣe yẹ lọ. Àgbáyun tún le ju ìyẹn: ẹni tó bá lá a, ẹmu kíkan á máa dùn lẹ́nu rẹ̀ fún bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ẹlẹ́mu bá kọ́kọ́ fi àgbáyun lọ̀ yín, ẹ tọ́ ẹmu rẹ̀ wò ná kí ẹ tó gbà á.

Ife jígí ni kí ẹ lò nígbà tí ẹ bá ń kọ́ ọ, kì í ṣe igbá, torí igbá ní òórùn tirẹ̀. Ẹ sẹ́ ẹmu náà kí kòkòrò kúrò. Ẹ má mu ún ní tútù bíi yìnyín: òtútù ń pa òórùn, ó sì ń bo dídùn mọ́lẹ̀.

Ẹ wo àwọ̀ rẹ̀ àti bí ìfófòó rẹ̀ ṣe ń pẹ́ sí. Ẹ gbọ́ òórùn rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹ tó mi ife àti lẹ́yìn tí ẹ bá mi í tán. Lẹ́yìn náà, ẹ fi bíi síbí ìjẹun kan sẹ́nu, ẹ yí i káàkiri ahọ́n, ẹ gbé e mì, kí ẹ sì dúró díẹ̀. Ohun tó kù lẹ́nu lẹ́yìn ìgbà tí ẹ gbé e mì ló ń sọ òtítọ́ jù.

Kíkan méjì ló wà. Ọ̀kan rọ̀ bíi ti omi ògì, ẹ̀gbẹ́ ahọ́n ló ń mú. Ẹmu tó dára lè ní in. Èkejì ń gún nímú kó tó dé ẹnu. Ti ọtí kíkan nìyẹn, ẹmu náà sì ti ń kọjá lọ.

Ìdánrawò ọjọ́ kan

Ẹ ra lítà 3 lọ́wọ́ adẹ́mu tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀. Ẹ pín in sínú ìgò 3, ẹ ki ọ̀kan bọ inú yìnyín. Ẹ tọ́ ọ wò ní aago 7 àárọ̀, 10, 1 ọ̀sán, 4, àti 7 àárọ̀ ọjọ́ kejì, kí ẹ sì kọ dídùn, kíkan, òórùn àti bó ṣe ń ta lẹ́nu sílẹ̀. Ẹ ó rí i pé yìnyín ń fa iṣẹ́ ìwúkàrà sẹ́yìn, àmọ́ kò dá a dúró.

Ní aago 10, ẹ bu ife 2 ògidì ẹmu náà, kí ẹ sì da ìdajì ife omi sínú ọ̀kan. Kí ẹlòmíràn bù wọ́n sí ife kéékèèké 3, kí méjì jẹ́ bákan náà, kí ọ̀kan yàtọ̀. Ẹ di ojú kí ẹ wá èyí tó yàtọ̀. Ẹ tún un ṣe títí ẹ ó fi máa rí i láìsí àròjinlẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ tọ́ púpọ̀ wò, kó máa tu ú sínú abọ́. Ẹmu dídùn náà ní ọtí: kò yẹ aláboyún, ọmọdé tàbí ẹni tó fẹ́ wakọ̀, kí alátọ̀gbẹ sì ṣọ́ra fún ṣúgà rẹ̀.

Ohun tó ń bà á jẹ́, àti bí ẹ ó ṣe mọ̀

Ẹmu tí wọ́n bomi là máa ń fẹ́lẹ́ lẹ́nu, adùn rẹ̀ kì í sì í dúró. Tí wọ́n bá da ṣúgà sí èyí tó ti pẹ́, dídùn rẹ̀ á sọ pé ẹmu àárọ̀ ni, òórùn rẹ̀ á sọ pé ti àná ni. Sakarín, ohun adùn àtọwọ́dá, máa ń lẹ̀ mọ́ ìdí ahọ́n, ó sì ń fi ìkorò sílẹ̀. Ìfófòó kì í ṣe ẹ̀rí, ẹ jọ̀ọ́: kẹ́ẹ̀gì tí wọ́n mì dáadáa á hó, ṣúgà tuntun náà á sì tún jí ìwúkàrà.

Kẹ́ẹ̀gì tó ti gbé kẹrosín tàbí epo bẹntiróòlù rí, ẹ má bu ẹmu sí i láé. Òórùn rẹ̀ kì í kúrò nínú rọ́bà. Akèrègbè tí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ àná wà nínú rẹ̀ máa ń mú ẹmu kan kíákíá, nítorí náà ẹ fi omi gbígbóná ṣan án kí ẹ tó gbé e padà sórí igi.

Ìpamọ́

Ẹ má ṣe dé ìgò ẹmu pa. Afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ lè fọ́ ìgò, kó sì ṣe èèyàn léṣe. Ẹ fi àyè ìka 3 sílẹ̀, kí ìdérí sì rọ̀. Èyí tó wà nínú ìgò, irú èyí tí ilé ìwádìí ọ̀pẹ NIFOR lẹ́bàá ìlú Benin ń ṣe, iná ni wọ́n fi pa ìwúkàrà inú rẹ̀. Ó ń pẹ́, àmọ́ kì í ta lẹ́nu bíi ẹmu tuntun, òórùn ohun tí a sè sì máa ń wà níbẹ̀. Ẹ má fi ṣe ìwọ̀n ẹmu tuntun.

Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ tó kù nísàlẹ̀ ìgò ìdánrawò kò yẹ kó ṣòfò: ìwúkàrà rẹ̀ ṣì wà láàyè. Ẹ fi po ìyẹ̀fun búrẹ́dì tàbí pọ́ọ̀fù dípò omi, kí ẹ sì bò ó síbi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ títí yóò fi wú.