Bí a ṣe ń lo ẹ̀mú eegun kéékèèké ní tíátà, àti bí a ṣe ń tọ́jú ẹ̀

Ẹ̀yin àbúrò mi tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ tíátà, ìyẹn yàrá iṣẹ́ abẹ, nọ́ọ̀sì o, dókítà tó ń kọ́ṣẹ́ o, ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀mú eegun. Forceps la máa ń pè é níbi iṣẹ́, òun la fi ń di eegun kékeré tó ṣẹ́ mú kí dókítà tó de síkúrù sí i. Èyí tá a ń lò jù fún eegun ìka, eegun àtẹ́lẹwọ́ àti eegun ẹ̀gbẹ́ kókósẹ̀ ni èyí tí ẹnu ẹ̀ mú ṣóńṣó, bí abẹ́rẹ́ ńlá méjì tó tẹ̀ kọjú síra wọn, àwọn dókítà wa a máa pè é ní Weber. Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ gbà lọ́wọ́ mi kò ju ẹyọ kan lọ: ẹ̀mú yìí kì í ṣiṣẹ́ agbára. Ibi tẹ́ ẹ gbé ẹnu ẹ̀ lé ló ń to eegun, kì í ṣe bẹ́ ẹ ṣe fún un tó.

Àtorí tébù ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀, kí aláìsàn tó wọlé rárá. Ẹ mú ìwọ̀n tó bá eegun mu. Fún eegun ìka, kékeré tó wọ àtẹ́lẹwọ́ dáadáa ni, èyí tó gùn tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 13 dáa fún ẹ̀gbẹ́ kókósẹ̀, ẹ má gbé èyí wá síbi ìka torí ó máa wúwo, á sì máa fa eegun kúrò nípò. Ẹ tún wo bó ṣe ń tì. Àwọn kan ní eyín lọ́wọ́, tẹ́ ẹ bá ti fún un ẹ máa gbọ́ kẹ́-kẹ́-kẹ́, àwọn kan ní nọ́ọ̀tì tẹ́ ẹ máa yí. Èmi fẹ́ràn oní-nọ́ọ̀tì fún eegun ìka nítorí ẹ lè fún un díẹ̀ díẹ̀, eyín a máa fò lójijì nígbà míì, ká tó mọ̀ eegun ti fọ́.

Wàyí o, àyẹ̀wò. Ẹ pa ẹnu ẹ̀ dé pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kẹ́ ẹ gbé e síwájú iná, ṣóńṣó méjèèjì gbọ́dọ̀ pàdé gẹ́lẹ́, kí ọ̀kan má ga ju ìkejì lọ, kí ọ̀kan má dẹ̀ gba ẹ̀gbẹ́ ìkejì kọjá. Ẹ fi ṣóńṣó ẹ̀ fa góòsì fẹ́ẹ́rẹ́, tó bá kọ́ ọ, ẹnu ẹ̀ ò dán mọ́ nìyẹn. Tó bá jẹ́ eléyín, ẹ tì í sí eyín àkọ́kọ́ kẹ́ ẹ fi ọwọ́ ẹ̀ gbá àtẹ́lẹwọ́ yín díẹ̀, tó bá ṣí fúnra ẹ̀, ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́, kò ṣeé gbára lé. Ẹ wá wo ibi tí apá méjèèjì ti so pọ̀, ibẹ̀ ni irin ti máa ń kọ́kọ́ là, ìlà tín-ín-rín bí irun orí. Tíátà tó bá ní awò tó ń sọ nǹkan di ńlá, ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti lò ó.

Ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọn nìyí. Mo ṣì kéré níṣẹ́ nígbà yẹn, wọ́n gbé ọ̀dọ́kùnrin kan wá tí ẹ̀rọ ti lọ́ ọwọ́ ẹ̀, eegun àtẹ́lẹwọ́ tó wà nídìí ìka òrùka ẹ̀ ṣẹ́, ó sì ṣẹ́ lọ́ bí okùn. Dókítà to eegun náà, ó dá gírí, ó gbé forceps lé e, ó fún un, eegun yọ̀. Ó tún un tò, ó tún yọ̀. Ẹlẹ́ẹ̀kẹta náà, bákan náà. Gbogbo wa ń wo eegun, kò sẹ́ni tó wo irin, bẹ́líìtì tó ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró lápá aláìsàn ṣì wà níbẹ̀, aago ń lọ. Ìgbà tó dá forceps náà padà sọ́wọ́ mi ni mo gbé e síwájú iná, ṣóńṣó kan ti tẹ̀, kò ju ìbú òwú ìránṣọ lọ. Èmi ni mo to tírée irin iṣẹ́ yẹn láàárọ̀, mi ò sì yẹ̀ ẹ́ wò. Wọ́n mú òmíràn wá, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló di eegun mú. Ó dùn mí gan-an, látìgbà yẹn kò sí forceps tó kọjá lọ́wọ́ mi tí mi ò gbé síwájú iná.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ fún dókítà, ẹ pa ẹnu ẹ̀ dé, kí ọwọ́ ẹ̀ wọ àtẹ́lẹwọ́ dókítà, kí ṣóńṣó kọjú sílẹ̀. Ó máa ń gún ìbọ̀wọ́ èèyàn láìmọ̀.

Ní ti eegun fúnra ẹ̀, ẹ kọ́kọ́ fọ ẹ̀jẹ̀ dídì kúrò lójú ibi tó ti ṣẹ́, torí ìdì ẹ̀jẹ̀ kékeré kan ò ní jẹ́ kí ojú méjèèjì pàdé, àmọ́ ẹ má bó awọ fẹ́lẹ́ tó bo eegun ju bó ṣe yẹ lọ, inú ẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ tó ń bọ́ eegun ń gbà. Kí olùrànlọ́wọ́ rọra fa ìka náà kí eegun lè gùn padà sí gígùn ẹ̀. Ìgbà yẹn ni forceps á wọlé, ṣóńṣó kan sórí apá kan eegun, èkejì sórí apá kejì, kí méjèèjì dábùú ojú ibi tó ti ṣẹ́ gan-an. Ẹ ti fi ìka méjì mú awẹ́ obì méjì pọ̀ rí? Tí ìka méjèèjì bá kọjú síra wọn tààrà, awẹ́ á dúró, tí ọ̀kan bá ga ju ìkejì, wọ́n á yọ̀ lórí ara wọn. Ohun tí eegun ń ṣe gẹ́lẹ́ nìyẹn. Ẹ fún un díẹ̀, ẹ wò ó, kẹ́ ẹ tún fún un díẹ̀. Tí ìlà tó ṣẹ́ bá ti dì, ẹ dúró, kò sí èrè kankan nínú eyín kan sí i. Ẹ dẹ̀ má gbé ṣóńṣó lé ibi tí síkúrù máa gbà o, mo ti rí i tí wọ́n ní láti tú gbogbo ẹ̀ torí ìyẹn.

Eegun àwọn ìyá àgbà ńkọ́? Ó rọ̀, ṣóńṣó á rì sínú ẹ̀ bí ìka ṣe ń rì sínú ẹ̀kọ. Ibẹ̀, wáyà tín-ín-rín ni kí dókítà kọ́kọ́ fi dì í mú, kí forceps kàn ṣe ìrànwọ́. Èyí tó fọ́ wẹ́wẹ́ náà, ẹ má fún un.

Ibi tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ ti fara balẹ̀ jù rèé, kí síkúrù tó wọlé: ẹ wo ìka. Eegun lè dára lójú, kí ẹ́síréè náà dára, kí ìka sì ti yí. Aláìsàn ti sùn, kò lè di ẹ̀ṣẹ́ fún yín, ẹ kàn rọra tẹ ọrùn ọwọ́ ẹ̀ sẹ́yìn, àwọn ìka á ká fúnra wọn. Gbogbo wọn gbọ́dọ̀ kọjú síbi kan náà, ìdí àtàǹpàkò lọ́rùn ọwọ́, kí ọ̀kankan má gun orí ìkejì. Ẹ tún wo èékánná, kí wọ́n tò léra wọn bíi ti ọwọ́ kejì. Tí eegun àtẹ́lẹwọ́ bá yí ní ìwọ̀n dígírì 5 péré, orí ìka lè gun ìkejì tó sẹ̀ǹtímítà 1.5, ẹni náà ò sì ní lè di abẹ́rẹ́, kókó tàbí owó mú dáadáa mọ́. Ẹ tú forceps, ẹ tún un tò. Ìṣẹ́jú márùn-ún tó lọ níbẹ̀ ò lọ lásán.

Tó bá ti dára, síkúrù á wọlé. Fún síkúrù 2.0 mílímítà, dírílì 2.0 ló ń lu apá tó sún mọ́ wa, 1.5 ló ń lu apá ọ̀hún, kí síkúrù lè fa apá ọ̀hún wá. Ti 1.5 náà, 1.5 àti 1.1 ni. Síkúrù nìkan máa ń tó tí gígùn ibi tó ṣẹ́ bá tó ìlọ́po méjì ìbú eegun, tí kò bá tó, ẹ fi pléètì, irin pẹlẹbẹ tá a ń de mọ́ eegun, kún un. Ìlànà yìí, ká to eegun gún kí síkúrù sì fún un pọ̀, àwọn dókítà Switzerland tó dá AO, ẹgbẹ́ tó ń kọ́ni bí a ṣe ń to eegun tó ṣẹ́, sílẹ̀ ní 1958 ló sọ ọ́ di ẹ̀kọ́ káàkiri ayé. Ẹ má yọ forceps títí síkúrù kejì tàbí wáyà á fi wọlé.

Lẹ́yìn iṣẹ́, ẹ má jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ gbẹ lára ẹ̀. Omi tí a ti sè pa kòkòrò ni kẹ́ ẹ fi nù ún lórí tébù, kì í ṣe omi iyọ̀, iyọ̀ ń jẹ irin. Omi bílíìsì ńkọ́, ó burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, irin á máa lu ihò wẹ́wẹ́. Omi tútù ló yẹ kẹ́ ẹ fi kọ́kọ́ fọ̀ ọ́, torí omi gbígbóná ń se ẹ̀jẹ̀ mọ́ ọn lára, kẹ́ ẹ wá fi ọṣẹ enzyme rẹ ẹ́ níye ìgbà tí wọ́n kọ sára agolo ẹ̀. Bọ́rọ́ọ̀ṣì onírun rírọ̀ ló lọ, ẹ má lo irin tẹ́ ẹ fi ń họ ìkòkò láyé yín. Ẹ ya ẹnu ẹ̀ sílẹ̀ kẹ́ ẹ fọ ìdè ẹ̀ àti àárín eyín, ẹ gbẹ ẹ́, kẹ́ ẹ tọ́ òróró tó ń yọ́ sínú omi sí ìdè ẹ̀. Òróró ẹ́ńjìnnì ò dáa, ooru ò lè gba inú ẹ̀ dé irin.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ gbé e wọ autoclave, ẹ̀rọ tó ń fi ooru omi pa kòkòrò, ẹ ṣí eyín ẹ̀, ẹ fi rọ́bà rírọ̀ bo ṣóńṣó, kẹ́ ẹ to irin wúwo sísàlẹ̀. Ohun tá a di lápò, ìṣẹ́jú 30 ni ní dígírì 121 nínú èyí tí kì í fa afẹ́fẹ́ jáde, èyí tó ń fà á jáde lè ṣe é ní ìṣẹ́jú 3 sí 4 ní dígírì 134. Tí wọ́n bá mú iná lọ láàárín, àtìbẹ̀rẹ̀ ni o, ẹ má ka ìṣẹ́jú tó ti lọ mọ́ ọn. Lẹ́yìn ẹ̀, kẹ́ ẹ jẹ́ kó gbẹ nínú àpò kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kàn án, àpò tó rin, ẹ dá a padà.