Ẹ Má Kó Kápúsù Wọ Wọ́ọ̀dù: Ìtọ́sọ́nà fún Ẹni Tó Ní Aláìsàn ní Ọsibítù

Bí a ṣe ń tọ́jú ibà nílé kọ́ la fẹ́ sọ. Ẹ ti mọ ìyẹn. Kápúsù tí ẹ ń kì bọ abẹ́ ìrọ̀rí aláìsàn bí nọ́ọ̀sì bá ti kọ̀yìn ló ká àwa òṣìṣẹ́ ọsibítù lára. Mo bá márùn-ún lábẹ́ ìrọ̀rí bàbá kan, nínú bébà ìwé ìròyìn: Ampiclox mẹ́ta, tetracycline pupa-òun-yẹ́lò méjì. Apakòkòrò ni gbogbo wọn, ìyẹn oògùn tó ń pa bakitéríà, kòkòrò àìfojúrí tó lè fa àìsàn. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò fi nǹkan kan hàn, ibà kò sì kúrò lára rẹ̀. Ọjọ́ 3 la fi ń wá ohun tí ọmọ rẹ̀ mọ̀ tí kò sọ. Bàbá náà kò padà sílé.

Kòrónà o, èéyi o, apakòkòrò kì í pa fáírọ́ọ̀sì, irú kòkòrò àìfojúrí mìíràn tó ń fà wọ́n. Lóòótọ́, fáírọ́ọ̀sì lè ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́ débi tí bakitéríà á fi ráyè wọlé. Bakitéríà bẹ́ẹ̀ ló pa ọ̀pọ̀ jù nínú àwọn tí àjàkálẹ̀ fúlúù (influenza) ọdún 1918 mú lọ. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo aláìsàn ni bakitéríà ń kọ lù bẹ́ẹ̀. Ní 2024, WHO, Àjọ Ìlera Àgbáyé, kéde pé nínú 100 aláìsàn Kòrónà tó wà ní ọsibítù, nǹkan bí 8 ni bakitéríà tún kọ lù, síbẹ̀ nǹkan bí 75 ni wọ́n fún ní apakòkòrò. Bakitéríà tó bá ń rí oògùn díẹ̀díẹ̀ á mọ bí yóò ṣe bá oògùn náà jà.

Nítorí náà, ẹ kọ gbogbo oògùn tó ti lò láti oṣù 3 sẹ́yìn sílẹ̀, títí kan ti onígbá oògùn inú mọ́tò. Ẹ fún dókítà. Bí wọ́n bá bá yín wí, ẹ gbà á.

Kí apakòkòrò tó wọ ara ló yẹ kí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ tàbí kẹ̀lẹ̀bẹ̀ fún àyẹ̀wò. Èsì máa ń tó ọjọ́ 2 sí 3. Ẹ ní sùúrù. Kápúsù kan láàárọ̀ lè ba àyẹ̀wò náà jẹ́.

Ẹ fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọwọ́ fún ìṣẹ́jú àáyá 40 sí 60, kí ẹ tó fọwọ́ kan aláìsàn àti lẹ́yìn rẹ̀. Abọ́ omi tí ẹni mẹ́fà ti tọwọ́ bọ̀, ìdọ̀tí ni. Àpò ìtọ̀ kò gbọdọ̀ ga ju ìdí aláìsàn lọ, kò sì gbọdọ̀ kan ilẹ̀. Bí ojú abẹ́rẹ́ omi bá wú tàbí tó ń ro ó, tàbí tí ibà bá lọ tó tún padà, ẹ pe nọ́ọ̀sì lójú ẹsẹ̀. Ẹ má sá lọ sí kẹ́mísì.

Bí wọ́n bá fún un ní oògùn ọjọ́ 5 lọ sílé, ọjọ́ 5 ni kó lò. Èyí tó bá ṣẹ́kù, ẹ dá a padà sí ilé oògùn. Ẹ má tọ́jú rẹ̀ de ọmọ.