Ọkọ̀ Oníná, Háíbíríìdì àbí Ti Bẹntiróòlù: Ìtọ́sọ́nà fún Àgbẹ̀ àti Ìdílé ní Àkúrẹ́ àti Oǹdó

Láti oṣù Karùn-ún ọdún 2023 tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo, ọ̀rọ̀ ọkọ̀ tó ń lo iná ti kúrò ní ọ̀rọ̀ olówó nìkan. Olùkọ́, oníṣòwò Ọjà Ọba àti àgbẹ̀ kòkó ló ń béèrè bóyá ó tó àkókò láti pa bẹntiróòlù tì. Kí ẹ tó wo ọkọ̀ kankan, ẹ lọ wo mítà iná ilé yín, kí ẹ sì ka iye kìlómítà tí ẹ ń rìn lójúmọ́. Nǹkan méjèèjì yìí ló máa sọ ọkọ̀ tó bá yín mu.

Ẹ MỌ OHUN TÍ Ẹ FẸ́ RÀ

Ọkọ̀ bẹntiróòlù kò nílò àlàyé. Háíbíríìdì ní ẹ́ńjìnnì, ó tún ní mọ́tọ̀ oníná àti bátìrì ńlá kan lẹ́yìn. Epo nìkan lẹ ó máa rà sí i. Kò síbi tí ẹ ó ti ki ọkọ̀ náà bọ iná. Nígbà tí ẹ bá tẹ búrékì tàbí tí ọkọ̀ ń sọ̀kalẹ̀ òkè, bátìrì náà ń gba agbára padà. Nínú gósìlóò, ẹ́ńjìnnì á kú fúnra rẹ̀, ọkọ̀ á sì máa fi iná rìn díẹ̀díẹ̀. Ìdí nìyẹn tí háíbíríìdì fi ń pa owó mọ́ nínú ìlú ju orí títì márosẹ̀ lọ.

Háíbíríìdì mìíràn tún wà tó ń gba iná láti ara sọ́kẹ́ẹ̀tì. Ó dára, ṣùgbọ́n kò wọ́pọ̀ lọ́jà tòkúnbọ̀ wa. Ọkọ̀ oníná pátápátá kò ní ẹ́ńjìnnì rárá: kò sí ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì, kò sí púlọ́ọ̀gì, kò sí sàlẹ́ńsà. Tí bátìrì bá tán, ó tán náà nìyẹn.

KÍKA INÁ

Ẹ mú ìwé kan, kí ẹ kọ aago tí iná dé àti aago tí ó lọ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹ má gbára lé orúkọ Band (ìpele tí ilé-iṣẹ́ iná fi àdúgbò yín sí) nìkan. Lórí ìwé, Band A jẹ́ ó kéré tán wákàtí 20 lójúmọ́, B jẹ́ 16, C jẹ́ 12, D jẹ́ 8, E jẹ́ 4. Ohun tó kàn yín jù ni iye wákàtí tí iná ń wà láàárín aago mẹ́sàn-án alẹ́ sí mẹ́fà àárọ̀, nítorí ìgbà yẹn ni ọkọ̀ máa ń wà nílé.

Ìṣirò rẹ̀ kò le. Ọkọ̀ oníná tí kò tóbi ń jẹ nǹkan bíi yúníìtì 18 fún kìlómítà 100, pẹ̀lú èyí tó ń ṣòfò nígbà tó bá ń gba iná. Sọ́kẹ́ẹ̀tì ilé tí a bá fi sí ámíò 10 (10A) ń gbé yúníìtì 2.3 wọlé ní wákàtí kan tí fóltéèjì bá pé 230. Ẹni tó ń rin kìlómítà 40 lójúmọ́ nílò yúníìtì 7.2, èyí kò ju wákàtí mẹ́ta sí mẹ́rin lọ. Ẹ rí i pé kì í ṣe Band A nìkan ló lè lò ó. Kódà, Band B lè sàn jù fún apò, nítorí iye tí wọ́n ń san lórí yúníìtì kan kéré gan-an sí ti Band A, iná sì ń tó wọn ní òru.

Níbo wá ni wàhálà wà? Ibi méjì. Àkọ́kọ́ ni fóltéèjì. Ẹ ní kí rewáyà yín wọ̀n ọ́n ní aago mẹ́jọ alẹ́ tí gbogbo àdúgbò ń lo iná. Tó bá jẹ́ 170, yúníìtì 2.3 yẹn á di 1.7, wákàtí mẹ́ta á di mẹ́rin àti díẹ̀. Tó bá wálẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ṣájà á kàn pa ara rẹ̀. Ẹ fi í sí aago kan òru tí fóltéèjì bá ti gòkè. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ní ibi tí a ti ń to aago sí.

Ìkejì, tiransifọ́mà. Àdúgbò tó ní iná wákàtí 18 lè wà nínú òkùnkùn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko nígbà tí wọ́n bá ń da owó jọ láti tún un ṣe. Kò sí ìṣirò tó lè bo ìyẹn. Ìdí nìyí tí a fi gbà pé ìdílé tó ní ọkọ̀ kan ṣoṣo kò gbọ́dọ̀ ra oníná pátápátá lásìkò yìí, àfi tí ibi iṣẹ́ wọn bá ní iná tí wọ́n gbà wọ́n láyè láti lò.

IYE TÓ Ń NÁ YÍN

Ẹ jẹ́ ká fi lítà epo kan sí N900, ká sì fi yúníìtì iná Band A sí N225, VAT wà nínú ẹ̀. Iye wọ̀nyí kì í dúró síbì kan. Ẹ fi ti ọjọ́ òní rọ́pò wọn. Fún kìlómítà 100 nínú ìlú, pẹ̀lú ẹ̀rọ amúlétutù:

Toyota Corolla 1.8 ń mu nǹkan bíi lítà 9: N8,100.
Toyota Prius ń mu nǹkan bíi lítà 5.5: N4,950.
Ọkọ̀ oníná lórí iná NẸ́PÀ, yúníìtì 18: N4,050.
Ọkọ̀ oníná kan náà lórí jẹnẹrétọ̀ kékeré: N8,100.

Ẹ tún ìlà tó gbẹ̀yìn yẹn kà. Jẹnẹrétọ̀ bẹntiróòlù kékeré ń mú nǹkan bíi yúníìtì 2 jáde nínú lítà kan. Yúníìtì 18 jẹ́ lítà 9, iye tí Corolla ń mu gẹ́lẹ́, ariwo àti ọ́ìlì jẹnẹrétọ̀ kò tíì sí nínú ẹ̀. Ẹni tó bá ń fi jẹn bọ́ ọkọ̀ oníná ń wa ọkọ̀ bẹntiróòlù ni, ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé ló kàn ń gbà. Àwọn jẹn kékeré tí a ń pè ní “I pass my neighbour” kò tilẹ̀ lè gbé e rárá: ámíò 6 ni ṣájà ọkọ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀, ìyẹn wáàtì 1,380, agbára jẹn yẹn kò sì tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ wo ìyàtọ̀ tó wà láàárín Prius àti oníná pẹ̀lú. Fún ẹni tó ń rin kìlómítà 1,000 lóṣù, N9,000 péré ni. Tí owó tí wọ́n fi ń ta oníná bá fi mílíọ̀nù mélòó kan ju ti háíbíríìdì lọ, ẹ pín in sí N9,000 kí ẹ wo iye oṣù tí yóò gbà kí ẹ tó rí i padà. Ní Band B ìṣirò náà á yí padà, á sì gbe oníná dáadáa.

SÓLÀ

Pánẹ́ẹ̀lì 6 tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ wáàtì 500 lè mú yúníìtì 10 wá lọ́jọ́ tí oòrùn ẹ̀ẹ̀rùn bá mú dáadáa, èyí tó ju kìlómítà 50 lọ. Ní oṣù Keje àti Kẹjọ, ó lè dín sí ìdajì. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ tó wà níbi iṣẹ́ ní Alágbàkà láti aago mẹ́jọ àárọ̀ sí mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ kò lè jẹ oòrùn tó ń ràn sórí òrùlé ilé. Àwọn kan rò pé àwọn á fi bátìrì ínfátà ilé gbé e lálẹ́. Bátìrì lítíọ́mù tó jẹ́ yúníìtì 5 á gbẹ pátá, ọkọ̀ kò ní rin ju kìlómítà 25 lọ lórí ẹ̀, ilé á sì wà nínú òkùnkùn. Sólà dára fún ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ ń wà nílé lọ́sàn-án: oníṣòwò tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà níwájú ilé, tàbí ẹni tó ti fẹ̀yìn tì. Ínfátà yẹn kò gbọ́dọ̀ kéré ju 3.5kVA lọ, ẹ fi ṣájà sí ámíò 8.

WÁYÀ ILÉ: IBI TÍ INÁ TI Ń JÓ

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ níbí. Ẹ̀rọ ìgbóná omi ń lo iná púpọ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, lẹ́yìn náà ó ti parí. Ọkọ̀ ń lò ó fún wákàtí mẹ́fà láìsinmi. Sọ́kẹ́ẹ̀tì ámíò 13 olówó pọ́ọ́kú tí kò tíì fa wàhálà rí á bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná, ike rẹ̀ á di bíráwùn, lẹ́yìn náà á yọ́. Ẹ má lo èkítẹ́ńṣọ̀n láéláé. Lẹ́yìn ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tí ẹ bá ki ọkọ̀ bọ iná, ẹ fọwọ́ kan púlọ́ọ̀gì rẹ̀. Tí ọwọ́ yín kò bá lè dúró lórí ẹ̀, ẹ pa á.

Ohun tó tọ́ nìyí: wáyà kọ́pà 4mm tó wá tààrà láti ibi brékà, tí kò gba sọ́kẹ́ẹ̀tì mìíràn kọjá, brékà ámíò 20 tirẹ̀ nìkan, ohun tó ń já iná nígbà tí iná bá ń jò, tí wọ́n kọ 30mA sí lára, àti sọ́kẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ búlúù ti ámíò 16. Ẹ fi ọ̀bẹ fá orí wáyà kí ẹ tó sanwó. Tó bá funfun lábẹ́ àwọ̀ pupa, alumíníọ́mù tí wọ́n kùn ní kọ́pà ni, yóò gbóná. Ṣájà ámíò 32 nílò wáyà 6mm, ṣùgbọ́n mítà ilé púpọ̀ kò ju ámíò 60 lọ. Tí amúlétutù méjì àti áyọ́ọ̀nù bá ń ṣiṣẹ́ pọ̀ mọ́ ọn, iná á máa já ni. Ámíò 16 tó fún ìdílé.

Wáyà earth, èyí tó ń darí iná tó bá jò lọ sínú ilẹ̀, ni ọ̀pọ̀ ilé wa kò ní. Ṣájà ọkọ̀ máa ń yẹ̀ ẹ́ wò. Tí kò bá rí i, á tan iná pupa, kò sì ní ṣiṣẹ́. Àwọn rewáyà kan á wá so earth pọ̀ mọ́ neutral (wáyà tó ń dá iná padà) nínú sọ́kẹ́ẹ̀tì kí iná pupa yẹn lè kú. Ẹ má gbà fún wọn. Ọjọ́ tí neutral bá já lórí òpó, gbogbo irin ara ọkọ̀ ni iná yóò wọ̀, ọmọ tó bá fọwọ́ kan ilẹ̀kùn rẹ̀ lè kú. Ọ̀pá earth tí a rì mọ́lẹ̀ níbi tó tutù ni àtúnṣe rẹ̀. Lórí jẹnẹrétọ̀ náà, iná pupa kan náà lè yọjú fún ìdí kan náà.

Ẹ tún fi ohun tó ń dá iná dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́ta lẹ́yìn tó bá dé sí i. Iná tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ló sábà máa ń wá pẹ̀lú agbára tó ń ba ṣájà jẹ́.

NÍGBÀ TÍ Ẹ BÁ Ń RA TÒKÚNBỌ̀

Nissan Leaf ló wọ́pọ̀ jù nínú oníná àlòkù. Àwọn tọdún 2011 sí 2015 ní bátìrì 24kWh (ìyẹn yúníìtì 24) tí kò ní ẹ̀rọ tó ń tù ú lára, ooru sì ń jẹ ẹ́. Lápá ọ̀tún ojú dáṣíbọ́ọ̀dù ni àwọn ìlà kéékèèké 12 wà. Ìlà àkọ́kọ́ ń pòórá nígbà tí bátìrì bá ti pàdánù nǹkan bíi 15 nínú ọgọ́rùn-ún. Tó bá ku 8, ìdá mẹ́ta rẹ̀ ti lọ. Leaf bẹ́ẹ̀ lè lọ Ìdànrè kó sì bọ̀, nítorí àlọ àtàbọ̀ rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi kìlómítà 50. Kí ẹ má gbé e láti Àkúrẹ́ lọ Oǹdó tàbí Ọ̀wọ̀ kí ẹ sì rò pé ẹ ó padà lọ́jọ́ náà láìgba iná. Leaf 40kWh tó bẹ̀rẹ̀ ní 2018 ń ṣe é dáadáa. Fún Èkó, tó tó nǹkan bíi 300 kìlómítà, ẹ lo ọkọ̀ mìíràn.

Ẹ yí ẹ̀yìn ṣájà rẹ̀ kà. Tí wọ́n bá kọ 120V nìkan, ti Amẹ́ríkà ni. Bí ẹ bá ki ṣájà náà bọ iná wa, ó jó nìyẹn. 100–240V ni ẹ fẹ́. Ẹnu tí ọkọ̀ Amẹ́ríkà fi ń gba iná ń jẹ́ Type 1, ti Yúróòpù Type 2, ti Ṣáínà GB/T. Wọn kì í wọ ara wọn láìsí adáptà. Ẹ má gba ọkọ̀ tí okùn ṣájà rẹ̀ kò bá a wá.

Nínú Prius, ẹ wá ihò afẹ́fẹ́ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga ẹ̀yìn. Ibẹ̀ ni bátìrì ti ń mí. Eruku ọyẹ́ ń dí i, bátìrì á gbóná, á sì kú kó tó yẹ. Ẹ fọ fáànù rẹ̀ lọ́dọọdún lẹ́yìn ọyẹ́, ẹ má sì gbé ẹrù dí i. Tí ẹ̀rọ àyẹ̀wò bá kọ P0A80, bátìrì ti ń lọ. Mẹkáníìkì lè ní òun á pààrọ̀ ẹyọ kan nínú ẹyọ 28 tó wà níbẹ̀. Yóò ṣiṣẹ́ fún oṣù díẹ̀, òmíràn tó ti gbó bíi tirẹ̀ á tún kú. Fún Prius 2010 sí 2015, ẹ ní kí wọ́n tan án níṣojú yín láàárọ̀ kùtù, nígbà tó tutù. Tó bá ń gbọ̀n jìgìjìgì bó ṣe ń tan, tí omi rádíétọ̀ sì ń dín kù láìkán sílẹ̀, gáskẹ́ẹ̀tì orí ẹ́ńjìnnì ti ń jò. Ẹ fi í sílẹ̀ fún wọn.

Okùn aláwọ̀ ọsàn tó wà nínú àwọn ọkọ̀ wọ̀nyí kò ṣeé fọwọ́ kàn. Fóltéèjì tó wà nínú rẹ̀ ju 200 lọ, kò sì kú kíákíá nítorí pé ẹ pa ọkọ̀.

FÚN ÀGBẸ̀

Àpò kòkó kan wúwo tó kìlógíráàmù 64. Àpò mẹ́wàá ti ju ohun tí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ èyíkéyìí nínú ìwé yìí lè rù lọ. Prius àti Leaf kò ga nílẹ̀, abẹ́ Leaf gan-an sì ni bátìrì rẹ̀ wà. Òkúta kan lójú ọ̀nà oko lè ná yín ju owó àpò kòkó lọ. Ẹ fi píkọ́ọ̀pù epo sílẹ̀ fún oko, kí ẹ lo háíbíríìdì fún ìlú. Tí ọkọ̀ bá máa wà nílé ní gbogbo ìgbà ìkórè, ẹ tan háíbíríìdì fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì, kí ẹ sì fi bátìrì oníná sílẹ̀ ní ìdajì lábẹ́ ibòji. Kò dára kó kún dẹ́nu nínú oòrùn.

Tí èyíkéyìí nínú méjèèjì bá dákú lọ́nà, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi okùn fà á. Táyà iwájú ló so mọ́ mọ́tọ̀ iná nínú Prius àti Leaf, yíyí rẹ̀ lè jó ohun tó wà nínú. Ọkọ̀ tó ń gbé ọkọ̀ ni kí ẹ pè, tàbí kí wọ́n gbé iwájú rẹ̀ sókè.