Bí ọmọbìnrin tó ń dàgbà ṣe lè rí ijó tó jẹ́ tirẹ̀

Ijó tó mọ́ ọ lẹ́sẹ̀ dáadáa lọ́dún tó kọjá lè ṣàdédé dàrú mọ́ ọ lójú. O yí, o fẹsẹ̀ kọ. O na ọwọ́, ọwọ́ gbá ògiri. Má sọ pé ijó ti kúrò lára rẹ. Láàárín ọdún 10 sí 14 ni ọ̀pọ̀ ọmọbìnrin máa ń ga lójijì. Lọ́dún tó bá yára jù, wọ́n lè fi nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 8 ga sí i. Ẹsẹ̀ àti apá ló sábà máa ń ṣíwájú, kí ẹ̀yìn tó wá bá wọn. Ọpọlọ wá dà bíi télọ̀ tó ń fi ìwọ̀n èṣí rán aṣọ ọdún yìí: ó ń gbé ẹsẹ̀ rẹ bí ìgbà tí kò tíì gùn tó báyìí.

Ohun kéékèèké ló ń tún ìwọ̀n yẹn ṣe. Fi ẹsẹ̀ kan dúró fún ìṣẹ́jú àáyá 30, kí o pààrọ̀ ẹsẹ̀, láàárọ̀ àti lálẹ́, kódà bí o bá ń fọ eyín lọ́wọ́. Tó bá ti rọrùn, di ojú, ṣùgbọ́n kí ògiri wà nítòsí. Ní ti yíyí, bẹ̀rẹ̀ láti ìdajì. Wá ojú ibì kan mú lára ògiri, kó ṣe déédéé ojú rẹ. Ara á máa yí, orí á dúró. Nígbà tí ọrùn ò bá lè gbà á mọ́, kí orí yára yí ká, kó ṣáájú ara dé ibi tí ò ń wò. Má wo ilẹ̀, torí bí orí bá tẹ̀ síwájú, gbogbo ara ló ń fà lọ.

Kí o tó jó, fi ìṣẹ́jú 5 sí 10 mú ara yá: rìn lójú kan, yí èjìká, yí ìbàdí, tẹ orúnkún díẹ̀díẹ̀ títí òógùn fẹ́ẹ́rẹ́ á fi yọ. Ìgbà tí o bá jó tán ni kí o tó na iṣan kí o sì dì í mú fún ìṣẹ́jú àáyá 30. Lásìkò tí o bá ń ga kíákíá, ara lè le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi agbára tẹ ẹsẹ̀ rẹ wálẹ̀ kó lè là gbọọrọ. Iṣan tí wọ́n bá fà ya lọ́nà bẹ́ẹ̀ lè gba ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ kó tó san.

Bí egungun kékeré tó yọ sókè nísàlẹ̀ orúnkún bá ń dùn ọ́ tí o bá fò tàbí tí o bá lóṣòó, ó sábà máa ń jẹ́ pé iṣan itan ló ń fa ojú egungun tí kò tíì gbó. Dín fífò kù, fi aṣọ wé yìnyín lé e fún ìṣẹ́jú 15. Èyí tó bá wú, tó ń mú ọ tiro, tàbí tó ń jí ọ lóru, ti dókítà nìyẹn. Ilẹ̀ onípákó sàn fún orúnkún ju ilẹ̀ sìmẹ́ńtì lọ. Bí sìmẹ́ńtì nìkan ló wà, wọ bàtà tó nípọn, kí o sì fò níwọ̀nba.

Wá kọ́mú tó di àyà mú. Fò lẹ́ẹ̀mẹwàá nínú rẹ̀ kí o tó gbà á: tó bá ń gùn sókè lẹ́yìn, ó tóbi jù. Má ṣe fi ebi pa ara rẹ nítorí ijó. Bí nǹkan oṣù tó ti ń wá bá dáwọ́ dúró fún oṣù 3, tàbí tí kò tíì wá rárá nígbà tí o pé ọdún 15, lọ rí dókítà. Àwọn kan máa ń dúpẹ́ pé ìyọnu ti kúrò, àmọ́ ara tí kò rí oúnjẹ tó lè sọ egungun di ẹlẹgẹ́.

Ó wá ku ijó tìrẹ gan-an. Kò sóhun tó burú nínú kí o wo ti ẹlòmíràn kọ́, wàhálà wà níbẹ̀ tó bá jẹ́ ibẹ̀ lo parí sí. Mú orin kan tí ìlù rẹ̀ yé ọ, tí o lè kà láti 1 dé 8. Gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹta láìmira: ìlù nìkan lẹ́ẹ̀kíní, ohùn lẹ́ẹ̀kejì, lẹ́ẹ̀kẹta kí o ṣọ́ ibi tí orin ti dákẹ́ díẹ̀. Kọ ẹ̀yìn sí dígí. Jó ìṣẹ́jú 2 pẹ̀lú èjìká nìkan, ìṣẹ́jú 2 pẹ̀lú ìbàdí, ìṣẹ́jú 2 pẹ̀lú ẹsẹ̀. Gbé fóònù sí déédéé ìbàdí, kí o jìnnà sí i tó mítà 3 kó lè ká gbogbo ara, kí o sì gbà á sílẹ̀.

Ọjọ́ kejì ni kí o tó wò ó. Lọ́jọ́ kan náà, ojú àti ìtóbi ara rẹ lo máa máa wò, o ò ní rí ijó. Pa ohùn, wò ó, kí o kọ ohun méjì tó wù ọ́ sílẹ̀. Ó lè jẹ́ pé ọwọ́ òsì rẹ máa ń dẹ́kun díẹ̀ kó tó bá ìlù lọ. Fi ohun méjì yẹn hun ijó òǹkà 16, ìyẹn 1 dé 8 lẹ́ẹ̀mejì. Dín eré orin kù sí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin, jó o lẹ́ẹ̀marùn-ún láìṣì, lẹ́yìn náà kí o dá eré rẹ̀ padà.

Wá jó òǹkà 16 náà lọ́nà mẹ́ta: kékeré bíi pé o wà nínú yàrá tóóró, fẹ̀ títí apá á fi nà tán, lẹ́yìn náà ní ìjókòó lórí àga, níbi tí ẹsẹ̀ kò ti lè rìn. Ohun tí kò yí padà nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni tìrẹ. Òun ni kí o fi kún ijó tí o bá kọ́ lọ́wọ́ ẹlòmíràn.

Tí o bá fẹ́ fi han èèyàn, fi han ẹnì kan ná. Má bi í pé “Ṣé ó dáa?” Bi í pé “Ibo lo ti rí i pé mo dúró?” Olùkọ́ tó mọṣẹ́ máa ń tọrọ àyè kó tó fọwọ́ tún ara rẹ ṣe, kì í sì í wọn ìwúwo ọmọ níwájú ẹgbẹ́.

Lọ́jọ́ kìíní oṣù, tún gba òǹkà 16 náà sílẹ̀, ní ibi kan náà. Lẹ́yìn oṣù 6, wo gbogbo wọn tẹ̀léra. Bí apá bá ti gùn, òǹkà 2 tó tó ọ láti na ọwọ́ tẹ́lẹ̀ lè má tó mọ́. Fún un ní 3, kí o yọ ọ̀kan kúrò níbi tí o ti máa ń dúró.